Èló Lo Pe Iṣẹ́ Rẹ?

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, àmọ́ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ni mo fojú ara mi rí ẹni tó sanwó rẹ̀. Ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa ní Ìbà, tó kàwé jáde ní LASU, tó sì ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, ó fajú ro. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á síṣẹ́ ní Victoria Island ni. Mo ní, "Oríire lèyí. Kí ló wá dé tí o dà bí ẹni tí òjò pa?"

Ó ní, "Dádì, wọ́n bi mí pé èló ni mò ń retí lóṣù. Mo ní ohunkóhun tí wọ́n bá ní."

Ohun tí wọ́n ní náà ni 90,000 náírà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wọlé lọ́jọ́ kan náà, sídìí iṣẹ́ kan náà, ń gba 160,000. Ọ̀rẹ́ yẹn kò mọ iṣẹ́ jù ú lọ. Ó kàn dárúkọ iye kan ni.

Ọmọ náà kò gọ̀. Ẹ̀kọ́ ilé ló kó bá a. Àwa la kọ́ àwọn ọmọ wa pé bí àgbà bá na nǹkan sí wọn, kí wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, kí wọ́n dúpẹ́, kí wọ́n má sì tú u wò lójú ẹni tó fún wọn. Ẹ̀kọ́ yẹn dára fún ẹ̀bùn. Owó oṣù ní tirẹ̀, ọjà ni, ẹ̀kọ́ ọjà sì wà nítòsí wa níbí, ní Àlàbá.

Lọ dúró ní ìsọ̀ ẹni tó ń ta tẹlifíṣọ̀n ní Àlàbá fún wákàtí kan péré. Oníbàárà á fọwọ́ kan ọjà, á béèrè iye rẹ̀. Bí olùtajà bá gbọ́n, tó sì fẹ́ mọ bí àpò oníbàárà ṣe jìn tó, á dá ìbéèrè padà: "Èló lẹ fẹ́ san?" Ìbéèrè kan náà ni ilé iṣẹ́ ń bi ọ́, wọ́n kàn wọ kóòtù sí i lọ́rùn ni. Ṣùgbọ́n wo olùtajà yẹn dáadáa. Iye méjì ló wà lórí rẹ̀: iye tó pe ọjà, àti iye tí kò lè já sísàlẹ̀ rẹ̀ láéláé. Gbogbo èèyàn ló ń gbọ́ ti àkọ́kọ́. Ìkejì, bóyá ni ìyàwó rẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Ìwọ náà, iye méjì ni kí o gbé lọ síbẹ̀. Iye tí o máa pè, láti ọjà ló ti ń wá: èló ni wọ́n ń san fún irú iṣẹ́ yìí ní ìlú yìí? Iye tí o ò ní já sísàlẹ̀ rẹ̀, láti àpò rẹ ló ti ń wá. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n á gbé ìṣòro àpò wọn síwájú ẹni tó fẹ́ gbà wọ́n. "Ilé jìnnà, màmá mi ń ṣàìsàn, àbúrò mi wà níléèwé." Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, àmọ́ olùtajà Àlàbá kì í sọ fún oníbàárà pé owó ilé ìwé ọmọ òun ló mú kí tẹlifíṣọ̀n wọ́n.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, nítorí náà jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ẹni tó bá ń gbé Ọ̀jọ́, Ìbà tàbí Òkòkómaikò, ọ̀nà ni gbèsè rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ṣètò pé yóò dé Òkòkómaikò bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò lóṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ṣùgbọ́n láàárín Marina àti Mile 2 ni. Kí o tó dé Mile 2, abẹ́ àánú dánfó lo wà. Láti ìgbà tí wọ́n sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023 yẹn kan náà, kò sẹ́ni tí mo ní láti sọ fún ohun tí owó ọkọ̀ dà.

Mo mú bébà, èmi àti ọmọ náà sì jọ ṣírò ó. Ká ní àlọ àti àbọ̀ ń jẹ 3,000 náírà lójúmọ́. Ọjọ́ iṣẹ́ 22 lóṣù, 66,000 nìyẹn. Kì í sì í ṣe 90,000 odindi ni yóò wọ àkáùǹtì rẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì yóò mú ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, 7,200. (Ilé iṣẹ́ ní láti fi ìdá 10 tirẹ̀ kún un, bí o bá dé ibẹ̀, béèrè bóyá wọ́n ń san án.) Òfin owó orí tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù kìíní ọdún 2026 fi 800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún sílẹ̀, kò gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń gba ìdá 15 lórí ohun tó tẹ̀ lé e. Tirẹ̀ jẹ́ bíi 2,400 lóṣù. Nígbà tí a yọ gbogbo rẹ̀ kúrò, tí a yọ owó ọkọ̀, ohun tó kù fún ọmọkùnrin yìí kò tó 15,000. Kò tíì jẹun ọ̀sán o. Owó tí ìjọba ń fún un nígbà tó wà lágùnbánirọ̀, 77,000, sàn jù ú lọ, torí Ìyànà-Ìbà níbí ló ti sìn.

A wá yí ìṣirò náà padà. Mo bi í pé, yàtọ̀ sí ọkọ̀, èló ló fi lè gbé oṣù kan láìyáwó? Ó ní 60,000. Ó gbọ́dọ̀ mú 126,000 délé nìyẹn, èyí tó túmọ̀ sí pé iye orí ìwé kò gbọdọ̀ dín sí 150,000. Iye àpò rẹ̀ nìyẹn. Mo ní kó kọ ọ́ sẹ́yìn bébà, kó sì ká a sápò.

Iye ọjà ló le jù láti mọ̀, torí pé láàárín wa, bíbi èèyàn léèrè owó oṣù rẹ̀ dà bíi kéèyàn ṣí ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ wò. Yí ìbéèrè náà. Má ṣe bi ẹ̀gbọ́n tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ pé "Èló ni wọ́n ń san fún yín?" Sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sí irú iṣẹ́ yìí lónìí, èló ló yẹ kó béèrè?" Yóò dáhùn, yóò tilẹ̀ fi ìmọ̀ràn kún un. Bi ẹni mẹ́ta, ó kéré tán. Kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tó ti kúrò níbẹ̀, torí ẹni tó ti kúrò kì í bẹ̀rù ọ̀gá. A kì í fojú olójú ṣòwò ká jèrè, nítorí náà má gba iye ẹnì kan ṣoṣo gbọ́.

Mọ ilẹ̀ náà pẹ̀lú. 70,000 ni òfin ọdún 2024 sọ pé owó oṣù tó kéré jù ní Nàìjíríà. Ìpínlẹ̀ Èkó ń san 85,000 fún òṣìṣẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin yẹn yọ ibi tí òṣìṣẹ́ kò bá tó 25 sílẹ̀, ọ̀pọ̀ iléèwé aládàáni àti ìsọ̀ ní agbègbè wa níbí sì nìyẹn. Iṣẹ́ ìjọba ní tirẹ̀ kì í bi ọ́ ní nǹkan kan: oníwèé ẹ̀rí yunifásítì máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ìpele kẹjọ, iye rẹ̀ sì ti wà nínú ìwé kí o tó wọlé.

Bí ìbéèrè náà bá wá dé ńkọ́? Ẹyin lohùn. Alágbàro kì í pe iye owó kó tó wo oko. Ó máa ń rìn yí i ká, á wo bí koríko ṣe ga tó. Bí wọ́n bá tètè bi ọ́, fi ọ̀wọ̀ sọ pé wàá fẹ́ mọ ohun tí iṣẹ́ náà gbà kí o tó dárúkọ iye. Ṣé Sátidé wà níbẹ̀? Ẹni mélòó ni yóò wà lábẹ́ rẹ? O tún lè béèrè iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Ẹ̀ẹ̀kan ni kí o yẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá bi ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, dáhùn; ẹni tó bá ń yí po yí po á dà bí ẹni tí kò mọ ohun tó ń tà. Bó bá jẹ́ fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò gba ọ̀rọ̀, tó jẹ́ nọ́ńbà nìkan ló ń gbà, kọ iye ọjà rẹ sí i. Má kọ òdo.

Bí o bá ní "láàárín 180,000 sí 230,000," 180,000 nìkan ni wọ́n gbọ́. Nítorí náà kí iye ìsàlẹ̀ yẹn jẹ́ èyí tí o lè fi ẹ̀rín gbà. Lẹ́yìn náà, panu mọ́. Èyí ló ṣòro jù. Mo ti rí olùtajà tuntun tó pe ọjà ní 50,000, tí oníbàárà ò tíì mí, tóun fúnra rẹ̀ sọ pé, "Àmọ́ ẹ lè mú 40,000 wá." Ta ló ná an? Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó tẹ̀ lé iye rẹ, jẹ́ kí àwọn náà bá ọ gbé nínú rẹ̀.

Bí wọ́n bá béèrè iye tí o ń gbà níbi tí o wà tẹ́lẹ̀, má purọ́. Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọjọ́ tí wọ́n bá ní kí o mú ìwé báńkì wá ni. O lè sọ pé iṣẹ́ tọ̀hún yàtọ̀ sí èyí, o sì ń fi owó sí èyí bó ṣe tóbi sí.

Bí wọ́n bá sọ pé agbára àwọn ò gbé e, ọ̀nà kan ò wọjà. Fún ará Òkòkómaikò, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ tó bá ń ṣiṣẹ́ láti ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí àfikún 25,000 lóṣù. Ọkọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń gbé èèyàn ní Mile 2 náà ńkọ́? Ìlérí pé wọn yóò tún owó náà wò lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ńkọ́? Gbogbo èyí, kí wọ́n kọ ọ́. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa fún agbanisíṣẹ́ ní oṣù mẹ́ta péré láti fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tó sọ owó rẹ̀ àti bí wọn yóò ṣe máa san án.

Ọmọkùnrin náà ṣì lọ síbi iṣẹ́ 90,000 yẹn fún oṣù mẹ́rin. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, n kò sì lè bá a jà. Ṣùgbọ́n ó ń wá òmíràn. Nígbà tí ibìkan ní Ìsọlọ̀ pè é, ó ní wọ́n béèrè, òun pe 200,000, òun sì dákẹ́. Obìnrin tó ń bi í léèrè kọ nǹkan sílẹ̀, ó gbójú sókè wò ó, ó tún kọ. Ó ní aago ara ògiri ni òun ń gbọ́. Obìnrin náà wá ní, "Ṣé a lè sọ ọ́ di 170,000?"

Ó fọwọ́ kan àpò ṣòkòtò rẹ̀, níbi tí bébà wà, ó sì béèrè bóyá òun lè máa fi ọjọ́ Ẹtì ṣiṣẹ́ láti ilé.