Ẹ̀kọ́ Kẹrìndínlógún: Gé ariwo, má gé ọ̀rọ̀

Ṣé o ti gbọ́ ohùn ara rẹ rí láti inú tẹlifóònù? Ó máa ń yani lẹ́nu. Ẹnu rẹ dákẹ́, síbẹ̀ o ń gbọ́ ara rẹ! Lónìí, a ó kọ́ nípa irinṣẹ́ kan tí ó ń jẹ́ kí á fi ojú rí ohùn, kí á gé e, kí á sì tò ó pọ̀ di orin.

Orúkọ irinṣẹ́ náà ni Audacity. Ètò orí kọ̀ǹpútà ni. Ọ̀fẹ́ ni: a kì í san owó kí á tó lò ó. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ náà sì lè wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kí ó tún un ṣe. Dominic Mazzoni àti Roger Dannenberg ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1999, ní Yunifásítì Carnegie Mellon, ní ìlú Pittsburgh, ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2000, wọ́n gbé e jáde fún gbogbo ayé.

Ohùn di ìlà

Gbé ọwọ́ lé ọ̀fun rẹ, kí o sọ pé "aaa". Ó ń mì, àbí? Bẹ́ẹ̀ náà ni awọ ìlù ṣe ń mì nígbà tí a bá lù ú. Ohun tí ó ń mì yìí ń mi atẹ́gùn. Míkírò ń gba mímì náà, ó sì ń fi í ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ń wọ̀n ọ́n, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní nọ́ńbà. Ó lè wọ̀n ọ́n ní ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo!

Lẹ́yìn náà, Audacity ń ya ohùn náà sí ojú kọ̀ǹpútà. Níbi tí ohùn ti le, ìlà náà ga bí òkè. Níbi tí ohùn ti rọlẹ̀, ó kéré. Níbi tí gbogbo nǹkan ti dákẹ́, ìlà náà tẹ́ pẹrẹsẹ.

Orin Ìyá àgbà

Jẹ́ kí á gba orin Ìyá àgbà sílẹ̀. Kọ́kọ́ kúnlẹ̀ tàbí kí o dọ̀bálẹ̀, kí o tọrọ àyè: "Ìyá àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ṣé mo lè gba orin yín sílẹ̀?" Orin mìíràn wà tí a kì í kọ níbi gbogbo. Àwọn àgbà ni wọ́n mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá ní rárá, fi í sílẹ̀. Bí wọ́n bá gbà, ṣe báyìí:

1. Tẹ àmì roboto pupa. Kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn.
2. Jẹ́ kí wọ́n kọrin tán. Má ṣe dá wọn lẹ́nu.
3. Tẹ àmì onígun mẹ́rin. Ó dúró.
4. Tẹ àmì onígun mẹ́ta. Fetí sílẹ̀.

Àkùkọ kan kọ kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Ìyá àgbà sì húkọ́ láàárín ẹsẹ kìíní àti ẹsẹ kejì. Wo ìlà náà. Ṣé o rí òkè kékeré tí ó dá dúró láàárín orin méjèèjì? Ikọ́ nìyẹn. Fi máòsì yàn án, kí o pa á rẹ́. Ikọ́ ti lọ. Bí o bá gé e jù, tẹ Ctrl àti Z pa pọ̀, ohun tí o gé yóò padà wá.

O tún lè fi ìlù kún orin náà. Ìlù yóò ní ìlà tirẹ̀ lábẹ́ ìlà orin. Bí ìlù bá bo ohùn Ìyá àgbà mọ́lẹ̀, dín ìlù nìkan kù.

Ṣọ́ra!

Ka gbólóhùn yìí: Ọmọ yìí kò jalè.
Gé "kò" kúrò. Kí ni ó kù?
Ọmọ yìí jalè.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni a gé, ọmọ dáadáa sì di olè! Ẹni tí ó sọ̀rọ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀. Àwa tí a gé e ni a sọ ọ́.

Audacity tún lè gbé ohùn sókè tàbí kí ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n o mọ èdè wa. Ìyàwó ní, "Ọkọ mi dà?" Bí a bá gbé ìparí "ọkọ" sókè, àwọn ènìyàn yóò gbọ́ "Ọkọ́ mi dà?" Wọn yóò sì lọ mú irinṣẹ́ oko wá fún un!

Nítorí náà, pa òfin mẹ́ta yìí mọ́:

Èkíní: Tọ́jú fáìlì àkọ́kọ́ pamọ́. Ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ẹ̀dà nìkan ni kí o gé. Bí o bá ti tọ́jú iṣẹ́ rẹ, tí o sì ti pa á dé, Ctrl àti Z kò lè dá ohun tí o gé padà mọ́.

Èkejì: Gé ariwo, má gé ọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹta: Jẹ́ kí ẹni tí ó ni ohùn kọ́kọ́ gbọ́ iṣẹ́ náà, kí ẹlòmíràn tó gbọ́ ọ.

Kí ló dé tí a fi ń ṣọ́ra tó bẹ́ẹ̀? Orin púpọ̀ wà ní ilẹ̀ wa tí a kò kọ sínú ìwé rí. Inú àwọn àgbà ni wọ́n wà. Ní ọdún 2008, UNESCO kọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, eré àti orin tí Kétu mọ̀ dáadáa, sínú àkójọ ogún àṣà gbogbo ayé. Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò ni wọ́n jọ ni ín. Bí Ìyá àgbà bá gbàgbé ẹsẹ kan lọ́la, fáìlì àkọ́kọ́ yóò rán wa létí. Bí a bá ti gé ẹsẹ náà nù, ta ni a ó bi?

Ọ̀rọ̀ tuntun

Ẹ̀dà: ohun tí a ṣe kí ó rí bíi ti àkọ́kọ́ gan-an.
Fáìlì: ibi tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú iṣẹ́ kan sí.
Míkírò: ohun tí ń gba ohùn wọlé.

Dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí

1. Báwo ni ìlà ṣe rí níbi tí gbogbo nǹkan ti dákẹ́?
2. Kí ni o gbọ́dọ̀ ṣe kí o tó gba orin àgbà sílẹ̀?
3. Kí nìdí tí a kì í fi gé fáìlì àkọ́kọ́?
4. Kọ gbólóhùn kan tí "kò" wà nínú rẹ̀. Yọ "kò" kúrò. Sọ ohun tí ó yí padà.

Iṣẹ́ ilé

Bẹ àgbà kan nílé kí wọ́n kọ orin kan fún ọ. Kọ́ ọ láì fo ọ̀rọ̀ kan. Kọ ọ́ fún kíláàsì lọ́la, bí wọ́n bá gbà.