Wíwá Ibi tí Ìṣòro Wà: Àyẹ̀wò Síso Díìsìkì Alágbèéká Mọ́ Kọ̀ǹpútà Linux

Ìfáàrà

Iṣẹ́ ìwádìí lórí lítíréṣọ̀ alohùn Yorùbá ti kúrò ní ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń fi bírò àti ìwé nìkan ṣe. Ẹni tó bá lọ gba ohùn àwọn apohùn sílẹ̀ lóde òní, fáìlì ló ń kó bọ̀ wálé. Orí díìsìkì kékeré tí wọ́n ń ki bọ ojú ihò USB, èyí tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí fúláàṣì, tàbí orí háàdì díìsìkì alágbèéká, ni ìjálá, ẹkún ìyàwó àti oríkì orílẹ̀ tó gbà sílẹ̀ máa ń wà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá ki fúláàṣì náà bọ kọ̀ǹpútà, tí kò sì rí ohunkóhun, àyà rẹ̀ yóò já. Bí ìyá àgbà tó sun ẹkún ìyàwó náà bá sì ti dolóògbé, kò sí ibi tí wọ́n ti lè tún un gbà mọ́. Ìdí nìyí tí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣe ní ìṣẹ́jú mélòó kan àkọ́kọ́ fi ṣe pàtàkì.

Àpilẹ̀kọ yìí yẹ ìṣòro náà wò gẹ́gẹ́ bí ó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó ń lo Linux, ètò tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Finland ní ọdún 1991. Debian, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1993, àti Ubuntu, tó jáde ní ọdún 2004, wà lára ẹ̀yà rẹ̀ tó gbajúmọ̀. Kókó tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ìgbésẹ̀ mẹ́rin ló wà láàárín kíki díìsìkì bọ ihò àti rírí fáìlì inú rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìgbésẹ̀ tó kùnà yóò mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa fáìlì tó ń wá run.

Ìtumọ̀ síso àti títú

Lórí Windows, díìsìkì kọ̀ọ̀kan ló ní lẹ́tà tirẹ̀: C, D, E àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n dà bí ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú àdúgbò kan. Lórí Linux, igi kan ṣoṣo ló wà. Àmì "/" ni gbòǹgbò igi náà. Àwọn fódà bíi /home, /etc àti /media sì ni ẹ̀ka rẹ̀. Díìsìkì tó bá ti òde wá kò ní dá dúró. Wọ́n gbọ́dọ̀ so ó mọ́ ẹ̀ka kan lára igi tó wà nílẹ̀ kí olùlò tó lè rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ yìí ni àṣẹ tí wọ́n ń pè ní mount ń ṣe. Àṣẹ tó sì ń yí i padà ni umount. Kí olùlò ṣàkíyèsí pé kò sí lẹ́tà "n" lẹ́yìn "u" àkọ́kọ́ nínú àṣẹ kejì yìí.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, "síso" àti "títú" ni orúkọ iṣẹ́ méjèèjì. Ó ṣe é ṣe kí atúmọ̀-èdè kan fẹ́ lo "gígùn", nítorí pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí kan náà ni wọ́n ń lò fún gígun ẹṣin. Ṣùgbọ́n díìsìkì kò gun ohunkóhun. Ńṣe ni wọ́n so ó mọ́ ibìkan, bí ìgbà tí wọ́n so ewúrẹ́ mọ́ èèkàn. Ẹni tó bá sì fẹ́ mú ewúrẹ́ lọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú okùn, kí ó má bàa fún un lọ́rùn. Àfiwé yìí yóò tún wúlò níwájú.

Ohun kejì tó yẹ ní mímọ̀ ni pé díìsìkì kan ní orúkọ, ó sì ní ibi tí wọ́n so ó mọ́. Orúkọ rẹ̀ lè jẹ́ /dev/sdb, kí ìpín kìn-ín-ní lára rẹ̀ sì máa jẹ́ /dev/sdb1. Ibi tí wọ́n so ó mọ́ lè jẹ́ fódà kan lábẹ́ /media àti orúkọ olùlò, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí lórí Ubuntu, tàbí lábẹ́ /run/media, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí lórí Fedora. Díìsìkì lè ní orúkọ kí ó má tíì ní ibi tí wọ́n so ó mọ́. Níbẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ìṣòro wà.

Ìgbésẹ̀ mẹ́rin

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní ni pé kí iná dé ara díìsìkì, kí kọ̀ǹpútà sì mọ̀ pé àlejò dé. Ìkejì ni pé kí Linux fún un lórúkọ, kí ó sì ka iye ìpín tó wà lára rẹ̀. Ìkẹta ni pé kí ó dá ìlànà tí wọ́n fi to fáìlì sórí ìpín náà mọ̀. Ìkẹrin ni pé kí ètò kan tó ń jẹ́ udisks so ó mọ́ igi, kí fèrèsé fáìlì sì fi í hàn. Ìbéèrè mẹ́rin ló bá ìgbésẹ̀ wọ̀nyí mu, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ara wọn.

Ìbéèrè kìn-ín-ní: Ǹjẹ́ kọ̀ǹpútà mọ̀ pé díìsìkì dé?

Kí olùlò yọ díìsìkì náà, kí ó ṣí fèrèsé àṣẹ, kí ó tẹ sudo dmesg -w, lẹ́yìn náà kí ó tún díìsìkì kì bọ ihò. Bí gbogbo nǹkan bá ń lọ déédéé, ìlà tuntun yóò jáde lójú kan náà, wọn yóò sì dárúkọ díìsìkì náà. Bí ìlà kankan kò bá jáde, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì kan fáìlì rárá. Wáyà, ojú ihò tàbí ara díìsìkì ni kí ó yẹ̀ wò.

Kí ó gbìyànjú ojú ihò mìíràn, pàápàá èyí tó wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà. Bí ó bá jẹ́ háàdì díìsìkì, kí ó pààrọ̀ wáyà rẹ̀. Iná tí ojú ihò USB 2.0 ń pèsè gẹ́gẹ́ bí òfin rẹ̀ kò ju 500 mA lọ. Ti USB 3.0 jẹ́ 900 mA. Háàdì díìsìkì mìíràn ń fẹ́ ju 500 mA lọ nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ìdí nìyí tó fi lè máa tàn kí ó sì máa kú. Bí díìsìkì bá dákẹ́ lórí kọ̀ǹpútà méjì tàbí mẹ́ta, ara rẹ̀ gan-an ni kò yá.

Ìbéèrè kejì: Ǹjẹ́ ó ti gba orúkọ?

Àṣẹ tó ń dáhùn ìbéèrè yìí ni lsblk -f. Yóò to gbogbo díìsìkì àti ìpín wọn sílẹ̀: orúkọ wọn, ìlànà tí wọ́n fi to fáìlì sórí wọn, àti ibi tí wọ́n so wọ́n mọ́. Àṣẹ lsblk láìsí -f yóò fi bí wọ́n ṣe tóbi tó hàn. Títóbi yìí ni olùlò yóò fi dá tirẹ̀ mọ̀, nítorí pé fúláàṣì 16 GB kò lè jọ háàdì díìsìkì inú kọ̀ǹpútà. Kò gbọdọ̀ méfò níhìn-ín. Ẹni tó bá ṣi sda mú fún sdb, tó sì pa àṣẹ ìtúnṣe fún un, inú kọ̀ǹpútà ara rẹ̀ ló ń bàjẹ́.

Ìbéèrè kẹta: Irú ìlànà wo ni wọ́n fi to fáìlì sórí rẹ̀?

Lábẹ́ FSTYPE nínú èsì lsblk -f ni ìdáhùn wà. Mẹ́rin ló wọ́pọ̀ jù: vfat, exfat, ntfs àti ext4. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ìṣòro tirẹ̀.

Vfat, tí FAT32 wà lára rẹ̀, kì í sábà bá Linux jà, ṣùgbọ́n kò lè gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá tó 4 GB. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gba fídíò ọdún ìbílẹ̀ sílẹ̀ lè rò pé díìsìkì òun bàjẹ́ nígbà tí fídíò gígùn bá kọ̀ láti wọlé. Díìsìkì kò bàjẹ́. Ibi tí agbára ìlànà náà mọ ni. Ní ti exfat, Linux kò ní agbára láti kà á fúnra rẹ̀ títí di ẹ̀dà 5.4 tó jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019. Kọ̀ǹpútà tó bá ń lo ẹ̀dà àtijọ́ lè sọ pé òun kò mọ exfat. Fífi ètò exfat-fuse kún un yóò yanjú rẹ̀.

Ntfs ni ti Windows. Bí wọ́n bá fa díìsìkì yìí yọ láti ara Windows láìtú u, tàbí tí Windows bá sùn dípò kí ó kú pátápátá, àmì kan yóò kù lórí rẹ̀ pé iṣẹ́ kò tíì parí. Linux lè rí àmì yìí kí ó kọ̀ láti so ó, tàbí kí ó so ó fún kíkà nìkan. Ohun tó dára jù ni kí wọ́n gbé díìsìkì padà sí Windows, kí wọ́n fi chkdsk yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì tú u dáadáa níbẹ̀.

Bí ibi tó yẹ kí FSTYPE wà bá ṣófo ńkọ́? Ó lè jẹ́ pé àkọsílẹ̀ tó ń ṣàlàyé ìtò fáìlì ló bàjẹ́, tí àwọn fáìlì fúnra wọn sì wà níbẹ̀. Nírú àkókò yìí ni Windows máa ń béèrè bóyá kí òun ṣe format díìsìkì náà. Kí olùlò má ṣe gbà. Format kì í ṣe ìtúnṣe. Ńṣe ló ń to ilé tuntun sórí ti àtijọ́.

Ìbéèrè kẹrin: Ibo ni wọ́n so ó mọ́?

Bí díìsìkì bá ní orúkọ, tí ìlànà rẹ̀ sì hàn, ṣùgbọ́n tí MOUNTPOINTS ṣófo, kí olùlò so ó fúnra rẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ udisksctl mount -b /dev/sdb1. Bí ó bá ṣe é ṣe, èsì yóò sọ fódà tó wà. Bí kò bá ṣe é ṣe, yóò sọ ìdí. Kíka ìdí yìí ju títẹ àṣẹ kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lọ.

Ìdí kan tó máa ń fara sin ni ìlà àtijọ́ nínú fáìlì /etc/fstab. Bí ẹnìkan bá ti kọ /dev/sdb1 síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìlà náà lè máa darí díìsìkì tuntun síbi tí kò yẹ, nítorí pé orúkọ bíi sdb kì í ṣe ti ẹnìkan. Ẹni tó bá dé ló ń gbà á. Kí wọ́n yọ ìlà náà, tàbí kí wọ́n fi UUID, èyí tó jẹ́ ti díìsìkì kan ṣoṣo, rọ́pò rẹ̀. Ní ti ext4, díìsìkì lè wà ní síso kí olùlò má sì lè kọ nǹkan sí i, nítorí pé fáìlì orí rẹ̀ ní olówó tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ àṣẹ ni èyí, kì í ṣe àìsàn.

Dídàkọ ṣáájú ìtúnṣe

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí dmesg bá ń sọ "I/O error" léraléra, ara díìsìkì ló ń kú lọ. Gbogbo ìgbìyànjú láti so ó ń dín ẹ̀mí rẹ̀ kù. Ohun tó yẹ ni kí wọ́n fi ètò ddrescue da gbogbo rẹ̀ kọ sórí díìsìkì mìíràn tó láyè, pẹ̀lú àṣẹ bíi sudo ddrescue -d /dev/sdb adako.img adako.map. Orí àdàkọ náà ni kí gbogbo ìtúnṣe yòókù ti wáyé.

Bí ara díìsìkì bá le, tó jẹ́ pé ìtò fáìlì nìkan ló dàrú, àṣẹ fsck wà. Wọn kò gbọdọ̀ lò ó lórí díìsìkì tó ṣì wà ní síso. Fún vfat, kí wọ́n kọ́kọ́ lo sudo fsck.vfat -n /dev/sdb1, èyí tí yóò sọ àléébù láìyí ohunkóhun padà. Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n bá ti ní àdàkọ ni kí wọ́n tó gbà á láyè láti tún un ṣe.

Títú díìsìkì

Púpọ̀ nínú ìṣòro òkè yìí, àìtú ló ń bí i. Nígbà tí fèrèsé bá sọ pé fáìlì ti dé orí fúláàṣì, apá kan rẹ̀ lè ṣì wà nínú ìrántí kọ̀ǹpútà, níbi tí Linux ń kó nǹkan pọ̀ sí kí iṣẹ́ lè yá. Títú ló ń fi ipá mú un láti kọ ìyókù. Ẹni tó bá fà á yọ kó tó parí ti fún ewúrẹ́ lọ́rùn. Nígbà mìíràn tí ó bá ki díìsìkì vfat bẹ́ẹ̀ bọ kọ̀ǹpútà, dmesg yóò sọ fún un pé wọn kò tú u dáadáa, àti pé nǹkan lè ti bàjẹ́.

Bí kọ̀ǹpútà bá ní "target is busy", kò túmọ̀ sí pé kí olùlò fà á tipátipá. Ètò kan ṣì ń lo fáìlì orí rẹ̀. Àṣẹ fuser -vm àti orúkọ fódà náà yóò fi ètò ọ̀hún hàn. Nígbà mìíràn, fèrèsé àṣẹ tí olùlò fúnra rẹ̀ ṣí sínú fódà náà ni. Bí ó bá ti jáde kúrò níbẹ̀, títú yóò rọrùn.

Àgbálọgbábọ̀

Àyẹ̀wò yìí fi hàn pé gbólóhùn "fúláàṣì mi kò ṣí" kì í ṣe ìṣòro kan. Ìṣòro mẹ́rin ni, ìtọ́jú wọn kò sì dọ́gba. Pípààrọ̀ wáyà kò lè wo ntfs tí Windows fi sílẹ̀ láìparí. Fsck kò sì lè wo ojú ihò tí kò ní iná tó. Olùkọ́ tó bá ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí oko ìwádìí yóò ṣe é lóore bí ó bá kọ́ ọ ní dmesg àti lsblk pẹ̀lú bí wọ́n ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ apohùn. Kí ó sì kọ́ ọ pé ohùn tí wọ́n gbà lónìí kò gbọdọ̀ sùn lórí díìsìkì kan ṣoṣo títí ilẹ̀ fi mọ́. Apohùn lè lọ, díìsìkì náà lè lọ. Àdàkọ kejì ni yóò jẹ́ kí ohùn rẹ̀ kù sílẹ̀.