Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Àròkọ Lórí Àwókù Ìlú Àtijọ́ àti Ewu Tí Ó Ń Dojú Kọ Ọ́

Ìbéèrè: Ṣe àpèjúwe ibi àtijọ́ kan ní ilẹ̀ òkèèrè tí àwọn ènìyàn máa ń lọ wò, kí o sì ṣàlàyé ewu tí ó ń dojú kọ ibẹ̀.

Ka ìbéèrè yìí lẹ́ẹ̀mejì kí o tó mú kálàmù. Ohun méjì ni wọ́n ní kí o ṣe. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a máa fi ojú ìwé méjì ṣàpèjúwe. Nígbà tí agogo bá kù díẹ̀ kí ó lù, wọn a wá sáré kọ ọ́ pé kí ìjọba jọ̀wọ́ tún ibẹ̀ ṣe. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ báyìí kò tíì dáhùn apá kejì rárá.

Ìwọ kò dé ibẹ̀ rí, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Má ṣe purọ́ pé o wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ ní ìsinmi Kérésì. Kọ ọ́ bí ẹni tí ń mú àlejò kiri, kí o sì lo ohun tí o kà. Mo mú Persepolis nítorí pé ẹni tí ó bá ti ka Bíbélì díẹ̀ yóò ti gbọ́ orúkọ Kírúsì àti Dáríúsì, àwọn ọba Páṣíà. Wo bí mo ṣe kọ ọ́.

Àpẹẹrẹ Àròkọ

Ní gúúsù orílẹ̀-èdè Ìráànì, ní nǹkan bí 60 kìlómítà sí ìlú Shiraz, ni pẹ̀tẹ́lẹ̀ Marvdasht wà. Ẹsẹ̀ òkè kan níbẹ̀ ni àwókù Persepolis wà, lórí pèpéle òkúta ńlá. Takht-e Jamshid ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é, èyí ni Ìtẹ́ Jamshid. Ọba Dáríúsì Kìíní ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 518 ṣáájú ìbí Kristi. Ọmọ rẹ̀ Xerxes, tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé òun ni Ahasuérúsì inú ìwé Ẹ́sítérì, ni ó tẹ̀ síwájú. Ní ọdún 330 ṣáájú ìbí Kristi, Alexander ará Makedóníà àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ dé, wọ́n sì dáná sun ún.

Àlejò kò ní í rí òrùlé kankan, nítorí igi ni wọ́n fi ṣe é. Òkúta ni ó kù. Nínú gbọ̀ngán tí wọ́n ń pè ní Apadana, òpó 72 ni ó wà láyé ọjọ́un, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga tó nǹkan bí 20 mítà. Òpó 13 péré ni ó ṣì wà lóòró. Ṣùgbọ́n ara ògiri àtẹ̀gùn gbọ̀ngán yìí ni ó yẹ kí àlejò ti pẹ́ jù. Níbẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ àwòrán ikọ̀ 23 láti oríṣiríṣi ilẹ̀, tí wọ́n ń mú ẹ̀bùn wá fún ọba: àwọn kan fa ẹṣin, àwọn kan fa ràkúnmí, àwọn mìíràn gbé aṣọ àti àwo. Ìránṣẹ́ ọba di ọwọ́ olórí ikọ̀ mú bí ọ̀rẹ́. Àwọn adúláwọ̀ wà nínú wọn pẹ̀lú. Eyín erin ni ọ̀kan gbé dání. Wàláà amọ̀ tí àwọn awalẹ̀ rí níbẹ̀ ní ọdún 1933 fi hàn pé oúnjẹ ni wọ́n fi ń san owó iṣẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́, ìyá ọmọ tuntun sì ń gba ẹ̀kún.

Omi ni ọ̀rọ̀ ibẹ̀ dà báyìí. Àwọn àgbẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà ń gbin àlìkámà àti ìrẹsì. Òjò wọn kò pọ̀, nítorí náà wọ́n ń fi ẹ̀rọ fa omi láti inú kànga jíjìn, èyí tí wọ́n sì ń fà ju èyí tí òjò ń dá padà lọ. Omi abẹ́ ilẹ̀ yìí wà lára ohun tí ń gbé erùpẹ̀ ró. Bí ó bá ti ń tán, erùpẹ̀ a fún pọ̀, ilẹ̀ a rì, a sì sán. Ilẹ̀ ti sán báyìí nítòsí Naqsh-e Rostam, níbi tí ibojì Dáríúsì wà lára àpáta. Apá kan pèpéle Persepolis dúró lórí àpáta, apá kejì lórí ilẹ̀ tí wọ́n kó dí. Bí èyí bá rì tí èkejì kò rì, òkúta yóò ya.

Ohun kan tún ń hù mọ́ àwòrán òkúta náà, bí èyí tí ń hù lára ògiri tí òjò ń pa. Ó ń wọ inú òkúta lọ wẹ́wẹ́. Bí ènìyàn bá sì fi agbára ha á, imú àti irùngbọ̀n àwọn tí wọ́n gbẹ́ yóò bá a lọ. Àwọn àlejò pàápàá kò ṣe dáadáa. Ní ọdún 1870, Stanley oníròyìn, ẹni tí ó tọ odò Kóńgò já lẹ́yìn náà, gbẹ́ orúkọ ara rẹ̀ àti ti ìwé ìròyìn rẹ̀ sára Ẹnu-ọ̀nà Gbogbo Orílẹ̀-èdè. Ó ṣì wà níbẹ̀.

Àjọ UNESCO kọ Persepolis sínú ìwé ohun àjogúnbá aráyé ní ọdún 1979, ṣùgbọ́n ìwé kò lè dá omi padà sábẹ́ ilẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ní kí wọ́n dí gbogbo kànga gbọ́dọ̀ sọ ohun tí àgbẹ̀ yóò jẹ. Èrò tèmi ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ dín ìrẹsì kù nítòsí àwókù náà, nítorí ó ń mu omi ju àlìkámà lọ, kí ìjọba sì fi lára owó tí àlejò ń san lẹ́nu ọ̀nà dí àdánù àgbẹ̀.

Àkíyèsí

Tún ìpínrọ̀ tí ó gbẹ̀yìn kà. Ó rọrùn láti bú àgbẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ní ọmọ nílé ìwé bí àwọn òbí rẹ ti ní ọ. Àròkọ tí ó bá gba tẹni méjèèjì rò ni ó ń gba máàkì. O lè sọ pé owó ẹnu ọ̀nà kò lè tó. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ lójú rẹ, kọ ọ́, kí o sì sọ ibi tí owó yóò ti wá. Èmi pàápàá kò rò pé yóò tó fún gbogbo wọn.

Mo kọ 72 àti 13, n kò kọ "òpó púpọ̀". Bí iye kan bá sá mọ́ ọ lọ́kàn nínú gbọ̀ngán ìdánwò, fò ó. Má ṣe hùmọ̀ rẹ̀. Orúkọ ilẹ̀ òkèèrè, ọ̀nà kan ṣoṣo ni kí o máa gbà kọ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

N kò pa òwe kankan. Àwọn olùkọ́ kan ń sọ pé àròkọ tí kò ní òwe mẹ́ta kò pé. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Òwe tí a fi tipátipá kì bọ inú ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ hàn.

Iṣẹ́ Ṣíṣe

Ìlú olódi Bam, ní Ìráànì kan náà, amọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ìsẹ̀lẹ̀ wó o lulẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2003, àwọn tí ó kú ní ìlú náà sì lé ní 26,000. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àjogúnbá tí ó wà nínú ewu ní ọdún 2004, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ ní ọdún 2013 lẹ́yìn àtúnṣe púpọ̀. Kọ àròkọ lórí ìbéèrè yìí: Ṣé ògiri tí a fi amọ̀ tuntun mọ sípò èyí tí ó wó ṣì jẹ́ ohun àtijọ́? Fi ìpínrọ̀ kan sọ ohun tí ẹni tí ilé tirẹ̀ náà wó ní Bam yóò rò nípa owó tí a ná sórí odi náà.