Ipò kẹfà ni àbí ìkeje?

Ẹ jọ̀wọ́, ọmọ mi ọkùnrin ní jẹ́nótáìpù SS. Nígbà tó wà lọ́mọdé, dókítà ṣàlàyé fún wa pé ẹyọ kẹfà nínú purotéènì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló yí padà. Àbúrò mi tó wà ní London ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wa ṣe àyẹ̀wò jíìnì, ìwé tiwọn sì kọ 7. Èwo ni ká gbà gbọ́? Wọ́n tún ń fi oògùn olómi kan lọ̀ mí ní Ìdúmọ̀tà pé yóò sọ SS di AS. (Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Òkè Pópó, Ìsàlẹ̀ Èkó)

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Òǹkà méjèèjì ló tọ̀nà. Ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ òǹkà ni kò dọ́gba.

Hẹmoglóbíìnì, èyí tó ń gbé atẹ́gùn kiri ara, purotéènì ni. Inú mùdùnmúdùn egungun la ti ń ṣe é, lórí ẹ̀rọ tíńtín kan nínú sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ́ ráíbósóómù. Ẹni tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ lè kọ́kọ́ fi ẹyọ kan dí ìdí okùn kí ìyókù má baà yọ dànù, kó wá yọ ọ́ kúrò tó bá yá. Ohun tí ráíbósóómù ń ṣe nìyẹn: ẹyọ kan tó ń jẹ́ methionine ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Purotéènì ọ̀hún kò tíì parí, orí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lẹ́nu ihò ráíbósóómù ni, tí ẹ́ńsáìmù kan tó dúró sí ibẹ̀ yóò ti gé methionine yẹn sọnù. Kì í ṣe gbogbo purotéènì ló ń gé o. Àfi tí ẹyọ tó tẹ̀ lé methionine bá kéré. Nínú okùn bẹ́tà ti hẹmoglóbíìnì, valine ló tẹ̀ lé e, ó sì kéré tó. Bí ẹyọ 147 tí wọ́n sín ṣe di 146 nìyẹn.

Ní 1957, Vernon Ingram ní Cambridge fi hàn pé ẹyọ kan ṣoṣo ló fa fòníkú-fọ̀ladìde: valine ló jókòó síbi tó yẹ kí glutamic acid wà. Nígbà tí atẹ́gùn bá kúrò lára hẹmoglóbíìnì náà, valine yìí ni yóò jẹ́ kí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ra wọn, tí sẹ́ẹ̀lì yóò fi tẹ̀ kọrọdọ. Ẹni tó bá ka purotéènì inú ẹ̀jẹ̀, tí methionine ti kúrò lára rẹ̀, yóò bá a ní ipò 6. Jíìnì ni àyẹ̀wò London kà, methionine sì wà nínú òǹkà jíìnì, ló fi di 7. Inú mi dùn sí ìbéèrè yìí. Mo mọ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tí kò ronú kàn án rí.

Ní ti oògùn olómi, irọ́ ni. Sẹ́ẹ̀lì pupa tó ti dàgbà kò ní ráíbósóómù mọ́. Ohun tí wọ́n ti ṣe sínú rẹ̀ ni yóò lò títí tí yóò fi kú. Ti ẹni AA ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́, ti SS sábà máa ń lo 10 sí 20. Jíìnì ló ń pàṣẹ fún ráíbósóómù inú mùdùnmúdùn, kò sì sí àgbo tàbí tọ́níìkì tó ń tún jíìnì kọ. Hydroxyurea tí dókítà ń kọ pàápàá kò sọ SS di AS. Ó kàn ń mú kí ara tún máa ṣe irú hẹmoglóbíìnì tí ọmọ inú oyún ń lò ni, ìrora a sì máa dín kù. Ẹ má sì gbàgbé pé ní oṣù Kejì ọdún 2025, NAFDAC ti àwọn ìsọ̀ oògùn Ìdúmọ̀tà pa nítorí ayédèrú oògùn. Ẹ mú ọmọ lọ sí Sickle Cell Foundation Nigeria ní Ìdí-Àràbà, ní òdìkejì LUTH.

Tẹ́trà oníyẹ́lò àti pupa ni mo máa ń fún àwọn ọmọ mi tí ọ̀fìnkìn bá mú wọn. Ṣé kò burú? (Ọlọ́jà, Jánkárà)

Ó burú. Ráíbósóómù kòkòrò bakitéríà ni tẹ́trà ń dí lọ́wọ́, kí wọ́n má lè ṣe purotéènì tiwọn. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa ọ̀fìnkìn, kò sì ní ráíbósóómù kankan. Tiwa ló ń lò. Tẹ́trà kò lè rí i gbé ṣe. Aláboyún kò gbọ́dọ̀ lò ó, ẹ má sì fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8 láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́: ó máa ń pa àwọ̀ eyín wọn dà, kì í sì í ṣí kúrò.