Òṣùwọ̀n Lọ Sókè Lẹ́yìn Eré Ìmárale? Ẹ Tẹ Ojúgun Wò

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ eré ìmárale, tó wá rí i pé òun fi kílò kan tàbí méjì wúwo sí i láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò tíì ní ìdí láti bẹ̀rù. Iṣan tí kì í ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ máa ń fara gbọgbẹ́ kéékèèké, omi á sì ya lọ síbẹ̀ títí á fi jinná. Òun ló fà á tí itan fi ń ro èèyàn lọ́jọ́ kejì. Iṣan náà á tún máa kó ṣúgà pamọ́ de iṣẹ́ ọ̀la, gíráàmù ṣúgà kan sì ń mú omi bíi gíráàmù 3 dání. Omi ni òṣùwọ̀n ń kà níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀rá.

Oúnjẹ náà ńkọ́? Ìgò máàtì kan lè dá gbogbo okun tí èèyàn fi rìn kíákíá fún ìṣẹ́jú 30 padà sára.

Ẹsẹ̀ méjèèjì tó wú ni ti ẹ̀rù. Kì í sábà jẹ́ eré ìmárale ló fà á! Síbẹ̀, ohun kan náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń gbọ́ ṣáá: “Ìrìn tí mo ń rìn ni.” “Ọ̀rá ló ń yọ́ wá sílẹ̀.” Ọ̀rá kì í yọ́ wá sí ọrùn ẹsẹ̀. Kò sí ẹni tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí rí.

Kí onítọ̀hún fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun mọ́ egungun, lókè ọrùn ẹsẹ̀ díẹ̀, kó ka ení dé àrùn-ún, kó tó gbé e kúrò. Bí ojú ibẹ̀ bá jin, tí kò tètè padà, omi ti dúró sára, dókítà ló sì yẹ kó wá ìdí rẹ̀. Ó lè jẹ́ ọkàn, ó lè jẹ́ kíndìnrín, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún. Nílẹ̀ Adúláwọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára olórí ohun tó ń dá ọkàn lágara, ó sì lè wà lára fún ọdún pípẹ́ láìro èèyàn níbì kankan.

Àmọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn á dúró. Wọ́n á mu tíì tí wọ́n ń polówó pé ó ń fa ikùn wọlé. Wọ́n á mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí. Wọ́n á ra oògùn tó ń mú ni tọ̀ ní kẹ́míìsì. Omi á jáde, òṣùwọ̀n á wálẹ̀, inú wọn á dùn, àìsàn náà ò sì tíì kúrò ńbẹ̀. Bàtà oṣù tó kọjá ò gba ẹsẹ̀ mọ́, wọ́n ṣì ń dúró. Ìgbà tí wọ́n bá fi máa dé ilé ìwòsàn, wọn ò ní lè sọ gbólóhùn kan parí kí èémí tó gé, ìrọ̀rí mẹ́ta ni wọ́n sì ń tò kí wọ́n tó lè sùn.

Àárọ̀ ni kí èèyàn máa gun òṣùwọ̀n, kó tó jẹun. Bí ìtọ̀ bá dúdú lẹ́yìn eré líle, ọgbẹ́ iṣan lè ti pọ̀ jù: ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Ẹni tí ojúgun rẹ̀ bá jin, tàbí tó fi kílò 2 wúwo sí i láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kó jọ̀wọ́ má mu irú tíì, àgbo tàbí oògùn bẹ́ẹ̀. Kó lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Bí mímí bá ti ń ṣòro, kí ará ilé gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lóru náà, kí wọ́n má dúró kílẹ̀ mọ́.