Ọwọ́ Ta Ló Tẹ Èèkù Idà?

Àwọn àgbà ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. N kò mọ òwe tó bá ọ̀rọ̀ owó kírípítò mu jù ú lọ, pàápàá lọ́jọ́ tí kọ́ìnì kan bá pín sí méjì. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ariwo tí gbogbo ayé máa ń pa ni pé èwo nínú méjèèjì ni ojúlówó. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà. Ọmọ Òfíkì ní Òkè-Ògùn tó fi èrè kajú ra Bitcoin díẹ̀ sórí fóònù rẹ̀ ní ìbéèrè mìíràn tó yẹ kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀: kọ́kọ́rọ́ kọ́ìnì yìí, ọwọ́ ta ló wà?

Kọ́ìnì kò sí nínú fóònù ẹnikẹ́ni. Inú ìwé àkọsílẹ̀ kan ló wà, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́. Ká sọ pé ẹgbẹ́ alájọ kan wà ní Òfíkì, tí àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn lórí òfin, tí apá kan fi ìbínú yọ, ṣùgbọ́n tí wọ́n da ìwé àjọ kọ kí wọ́n tó máa lọ. Orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ àti iye tí wọ́n ti dá yóò wà nínú ìwé méjèèjì títí di ọjọ́ ìjà. Láti ọjọ́ kejì, oníkálukú ń kọ tirẹ̀. Ẹni tó ti dá owó kí ìjà tó dé ní orúkọ lọ́tùn-ún, ó ní lósì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi owó rẹ̀ rán ọ̀rẹ́, tó jẹ́ pé orúkọ ọ̀rẹ́ ni akọ̀wé ń kọ sílẹ̀, kò ní orúkọ níbì kankan. Ohun tó bá wu ọ̀rẹ́ náà ni yóò fún un. Ọ̀rẹ́ yẹn ni ilé pàṣípààrọ̀ tó ń bá ènìyàn di kọ́kọ́rọ́ mú. Ìyàtọ̀ kan ló wà níbẹ̀: owó àjọ kì í di ìlọ́po méjì nítorí pé ìwé di méjì, àmọ́ ní ti kọ́ìnì, ìwé kọ̀ọ̀kan di ọjà tirẹ̀, àwọn olùrajà ló sì máa sọ iye tí ó tó.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Bitcoin gan-an nìyẹn ní ọjọ́ kìíní Oṣù Kẹjọ ọdún 2017. Ọdún bíi mélòó kan ni wọ́n ti ń jà lórí bí ojú ewé kọ̀ọ̀kan nínú ìwé náà, tí wọ́n ń pè ní búlọ́ọ̀kù, ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó. Àwọn kan ní kí ó dúró lórí mẹ́gábáìtì 1, àwọn kan ní kí ó di 8 kí ìsanwó lè yára, kí owó tí wọ́n ń gbà lórí rẹ̀ sì dínkù. Búlọ́ọ̀kù 478,558 ni wọ́n ṣe papọ̀ kẹ́yìn. Lẹ́yìn rẹ̀, Bitcoin ń lọ lọ́nà tirẹ̀, Bitcoin Cash sì gba ọ̀nà mìíràn. Ẹni tó ní Bitcoin kan pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀ jí lọ́jọ́ yẹn, ó ní Bitcoin kan àti Bitcoin Cash kan. Kò forúkọ sílẹ̀ níbì kankan, kò tẹ ohunkóhun. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ì bá lọ ní Òfíkì láti àárọ̀ dalẹ́, kí fóònù sì kú sí i lápò lóko, kò ní pàdánù kọ́bọ̀.

Àwọn tó fi tiwọn sí ilé pàṣípààrọ̀ ńkọ́? Kraken fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní kọ́ìnì tuntun náà lójú ẹsẹ̀. Coinbase ti Amẹ́ríkà ti kọ́kọ́ sọ pé àwọn kò ní bá wọn dá sí i. Nígbà tí ariwo pọ̀, wọ́n yí ohùn padà láàárín ọjọ́ díẹ̀, síbẹ̀ ó di ọjọ́ 19 Oṣù Kejìlá kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Òótọ́ ni pé iye Bitcoin Cash ti gun òkè gan-an nígbà náà, tí àwọn tí wọ́n dá dúró sì rí owó tó ju ti àwọn tó yára tà lọ. Orí ló bá wọn ṣe é. Ẹlòmíràn ló ń dì í mú fún wọn. Ì bá wó, ojú ni wọn ì bá máa fi wò ó.

Ọ̀ràn àwọn ilé pàṣípààrọ̀ fúnra wọn kò rọrùn. Ní ọjọ́ 20 Oṣù Keje ọdún 2016, Ethereum, ètò mìíràn tí kọ́ìnì tirẹ̀ ń jẹ́ ether, pín nítorí olè. Ẹnìkan ti kó ether mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ ó lé díẹ̀ nínú owó tí àwọn ènìyàn dá jọ sí ibi tí wọ́n ń pè ní The DAO. Àwọn tó pọ̀ jù gbà láti tún àkọsílẹ̀ ṣe kí owó lè padà sọ́wọ́ àwọn tó ni ín, àwọn tó kọ̀ sì di Ethereum Classic mú. Wọn kò dínà ohun kan: bí o bá fọwọ́ sí ìsanwó nínú ìwé kan, ẹlòmíràn lè gbé ìfọwọ́sí kan náà lọ sínú ìwé kejì, kí ó sì jẹ́ níbẹ̀. Báyìí ni àwọn ilé pàṣípààrọ̀ kan ṣe ń san ether fún oníbàárà, tí kọ́ìnì kejì ń bá a jáde lẹ́yìn láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀. Àwọn tó ṣe Bitcoin Cash kọ́gbọ́n, wọ́n ti dínà yẹn kí ọjọ́ tó pé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń pín kọ́ìnì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Lọ́sẹ̀ ìpínyà, ẹ má fi kọ́ìnì ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn ilé pàṣípààrọ̀ pàápàá máa ń ti ẹnu ọ̀nà, wọn kì í jẹ́ kí ènìyàn kó wọlé tàbí kó jáde títí ohun gbogbo yóò fi rọlẹ̀. Nítorí náà, owó ajílẹ̀, owó katakata àti owó ilé-ìwé ọmọ kò gbọdọ̀ wà níbẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ má sì yá owó ra kọ́ìnì nítorí ìpínyà tí wọ́n ń kéde. Ní Oṣù Kọkànlá ọdún 2017, wọ́n ní Bitcoin yóò tún pín, wọ́n ń pe ti ọ̀tẹ̀ yìí ní SegWit2x. Nígbà tó ku bí ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó gbé e kalẹ̀ fagi lé e.

Bí wọ́lẹ́ẹ̀tì yín kò bá fi kọ́ìnì tuntun hàn, ẹ má sunkún, ẹ má sì sáré. Kọ́kọ́rọ́ ló ni kọ́ìnì, wọ́lẹ́ẹ̀tì kàn ń bá yín kà á ni. Ibi ìsáré yìí ni àwọn gbájúẹ̀ ń dúró sí. Nígbà tí Bitcoin Gold, kọ́ìnì mìíràn tó pín kúrò lára Bitcoin, yọ jáde ní Oṣù Kẹwàá ọdún 2017, ìkànnì kan ní kí àwọn ènìyàn wá tẹ ọ̀rọ̀ àṣírí wọn, èyí tí kọ́kọ́rọ́ ti ń jáde, síbẹ̀ kí àwọn bá wọn gba tiwọn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: Bitcoin wọn gan-an ni wọ́n kó lọ, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là. Bí a ṣe ń ṣe é ni pé kí ẹ kọ́kọ́ kó kọ́ìnì àtijọ́ lọ sínú wọ́lẹ́ẹ̀tì mìíràn tó ní ọ̀rọ̀ àṣírí tuntun, kí ó sì balẹ̀ síbẹ̀, kí ẹ tó fi ọ̀rọ̀ ti tẹ́lẹ̀ wá kọ́ìnì tuntun. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ àṣírí náà, tó sábà máa ń jẹ́ ọ̀rọ̀ méjìlá, sórí ìwé méjì, kí wọ́n wà nílé méjì. Ikán Òkè-Ògùn kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìwé ilẹ̀ àti ìwé àṣírí.

Ní ti ilé pàṣípààrọ̀, Nàìjíríà ti kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ tó pọ̀. Ní Oṣù Kejì ọdún 2021, báńkì àpapọ̀ ní kí àwọn báńkì má bá wọn ṣe mọ́, ó di Oṣù Kejìlá ọdún 2023 kó tó yí ìyẹn padà. Ní ọdún 2024, àjọ SEC, tó ń bójú tó ọjà ìdókòwò, fún ilé pàṣípààrọ̀ Quidax àti Busha ní ìyọ̀ǹda àkọ́kọ́. Òfin ìdókòwò ọdún 2025 sì fi irú dúkìá yìí sábẹ́ àjọ náà. Oṣù Kẹrin ọdún 2025 ni CBEX, tó pe ara rẹ̀ ní ilé pàṣípààrọ̀ ṣùgbọ́n tí kò gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ SEC, dẹnu kọlẹ̀, tí àwọn tí inú ń bí ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ìbàdàn. Àga àti fìríìjì ni wọ́n rí kó.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Òfíkì, Tedé, Ṣakí àti Ìsẹ́yìn tẹ́ ẹ ń ka èyí, bí kọ́ìnì yín bá wà nílé pàṣípààrọ̀, ẹ wọlé síbẹ̀ lálẹ́ òní, kí ẹ wá ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ nípa ìpínyà. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ kọ̀wé bi wọ́n léèrè. Ẹ má tún fi náírà kan kún un títí wọn yóò fi dáhùn.