Wúrà Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Iyanrìn Ìsàlẹ̀ Èkó

Bí a bá gbẹ́ ilẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, iyanrìn àti ẹrẹ̀ ni a ó bá. A kò ní bá wúrà. Kí ni ó fà á? Inú àpáta àtijọ́ ni wúrà máa ń wà, pàápàá nínú òkúta funfun tí ó la àpáta kọjá bí iṣan. Irú àpáta bẹ́ẹ̀ yọrí sókè ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ṣùgbọ́n ní Èkó, iyanrìn tí odò àti òkun kó jọ ti bò ó mọ́lẹ̀ jìnnà. Odò kì í sì í gbé wúrà rìn jìnnà: ó wúwo ju iyanrìn lọ, ó sì tètè ń rì.

Ní oṣù keje ọdún 2021 ni wọ́n kọ́kọ́ yọ́ wúrà ní ibi ìwakùsà Sẹ̀gilọlá, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. (Ìlẹ̀kẹ̀ ni sẹ̀gi, kì í ṣe wúrà! Àwọn òǹkàwé Èkó sì ti mọ orúkọ yìí láti 1929, nígbà tí I. B. Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá jáde nínú Akéde Èkó.)

Ọ̀rọ̀ omi ni ó kàn wá jù. Àwọn tí ń wa wúrà láìgbàṣẹ ti da omi Ọ̀ṣun rú. Ní 2022, ìjọba kìlọ̀ fún àwọn olùjọ́sìn kí wọ́n má ṣe mu ún. Ọ̀sà Lẹ́kí ni Ọ̀ṣun ń ṣàn wọ̀, ọ̀sà yìí sì so pọ̀ mọ́ ti Èkó.